Iyọ̀ Ló Dín ni, àbí Omi Ló Pọ̀?

Ọ̀rọ̀ ohùn, ọ̀rọ̀ fáwẹ̀lì àti ọ̀rọ̀ òwe ni a sábà máa ń sọ níbí. Lónìí, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Gbólóhùn náà ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn wa lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe kọ́ ni iṣẹ́ tí àwọn tó ń sọ ọ́ rán an. Òun nìyí: “Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀.”

Ẹbí ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà ni ó sábà máa ń gbọ́ ọ. Ní ti gírámà, gbólóhùn náà pé, kò sì sí àléébù kankan lára rẹ̀. Ní ti ìtumọ̀, ọ̀ràn wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ nínú ilé Yorùbá, ohun méjì ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn: èkínní, pé aláìsàn náà kò jẹ iyọ̀ tó, èkejì, pé bí a bá ti fún un ní iyọ̀, ara rẹ̀ yóò yá. Lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí òótọ́ nínú èkínní, tí èkejì sì lè di ewu. Mo mọ ilé kan tí gbólóhùn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká. Ilé ẹbí mi ni.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ni à ń pè ní Bàbá Opebi. Láti ìgbà tí a ti gbọ́njú, àdúgbò Opebi ní Ìkejà ni ó ń gbé, ní òpópónà kékeré kan tí kò jìnnà sí Allen. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní agbègbè àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ìkejà, títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa. Ó fẹ́ràn sìgá, kò sì fi bò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un tipẹ́ pé kí iyọ̀ inú oúnjẹ rẹ̀ dín kù. Màmá Opebi, ìyàwó rẹ̀, gba ìkìlọ̀ náà bí òfin. Ìkòkò méjì ni ó máa ń gbé kaná: ọ̀kan fún àwọn ọmọ àti àlejò, èkejì fún ọkọ rẹ̀. Ti ọkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àtẹ́ pátápátá. Bàbá a máa ráhùn, a sì máa jẹ ẹ́ náà.

Ní ọdún 2016, ikọ́ kan mú Bàbá tí kò lọ. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún un, wọ́n sì rí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Irú èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré, tó ń yára tàn káàkiri ara, tí sìgá sì sábà máa ń fà, ni. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ìwà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Orí ń fọ́ ọ, èébì ń gbé e, ó ń sùn ní ọ̀sán gangan. Ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú pè mí. Ní òru ọjọ́ kan, ó dìde, ó wọ bàtà sí ẹsẹ̀ kan, ó ní iṣẹ́ àárọ̀ ni òun ń lọ. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń wí ti kógbá sílé ju ọdún mẹ́wàá lọ. Àwọn aládùúgbò ní ayé ti ń fọwọ́ kan án.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, sódíọ̀mù rẹ̀ sì jẹ́ 116. Ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó wà lára ènìyàn ni 135 sí 145 mílímólù nínú lítà kan. Dókítà kékeré kan jáde sí wa, ó sì fi sùúrù sọ ọ́ ní Yorùbá tó dán mọ́rán: “Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ Bàbá ti wálẹ̀ gan-an ni.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́. Àǹtí mi, tí í ṣe àbúrò Bàbá, kọjú sí Màmá Opebi, ó ní, “Ẹ ò wa rí i báyìí? Ọbẹ̀ àtẹ́ tí ẹ ń fún ẹ̀gbọ́n mi jẹ láti ọdún yìí wá, ibi tí ó gbé e dé nìyí!” Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀kan nínú àwọn ìbátan ti po iyọ̀ mọ́ omi nínú ike, ó sì ti ra píọ̀-wọ́tà pẹ̀lú, kí Bàbá lè mu ún dáadáa. Nọ́ọ̀sì ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá Opebi jókòó sórí àga gígùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó bi mí léèrè bóyá òótọ́ ni pé ọwọ́ òun ni òun fi pa ọkọ òun.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níhìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìdí àdògán. Ọbẹ̀ kan wà lórí iná; ẹ tọ́ ọ wò, ó tẹ́. Ọ̀nà méjì ni ọbẹ̀ lè gbà tẹ́. Ó lè jẹ́ pé iyọ̀ tí a fi sí i kéré. Ó sì lè jẹ́ pé iyọ̀ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti bu omi kún un. Lórí ahọ́n, bákan náà ni méjèèjì rí. Ṣùgbọ́n àtúnṣe wọn kò dọ́gba rárá: ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ iyọ̀, ti èkejì ń fẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ díẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dà bí ahọ́n yẹn. Ó ń sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ti tẹ́. Kò sọ ohun tí ó mú un tẹ́.

Ní ọdún 1957, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, William Schwartz, Frederic Bartter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa aláìsàn méjì. Àwọn méjèèjì ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Sódíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀, síbẹ̀ sódíọ̀mù ń bá ìtọ̀ wọn jáde. Èyí ya àwọn oníṣègùn náà lẹ́nu, nítorí pé ara tí iyọ̀ wọ́n fún kì í tọ iyọ̀ dànù. Wọ́n dá a lábàá pé ońṣẹ́ kan nínú ara, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ vasopressin, ni ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò yẹ kí ó ṣiṣẹ́. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e sì fi hàn pé kókó jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ lè máa ṣe ońṣẹ́ náà jáde.

Iṣẹ́ ońṣẹ́ yìí kò le láti lóye. Inú ọpọlọ ni a ti ń ṣe é. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ wá, ọpọlọ yóò rán an sí kíndìnrín pé kí ó di omi mú, kí ó má jẹ́ kí ó bá ìtọ̀ lọ. Bí a bá ti mu omi yó, ọpọlọ yóò dá ońṣẹ́ dúró, kíndìnrín yóò sì tú omi tó pọ̀ jù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kókó jẹjẹrẹ kò mọ òùngbẹ, kò sì mọ àyó. Tọ̀sán-tòru ni ó ń rán ońṣẹ́ sí kíndìnrín. Kíndìnrín ń di omi mú, aláìsàn sì ń mu omi kún un, títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi di àbùlà. Nínú 100 ènìyàn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí ó mú Bàbá Opebi, nǹkan bí 10 sí 15 ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí.

Omi tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kì í dúró sínú ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì ń wú. Apá tàbí ẹsẹ̀ lè wú kí ó sì rí àyè; ọpọlọ kò rí àyè, nítorí pé agbárí kò ní fẹ̀ fún un. Ìdí nìyí tí orí fi ń fọ́ aláìsàn, tí ó ń bì, tí ó ń ṣubú, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, tí gìrì fi lè mú un, tí ó sì lè dákú lọ. Ẹni tí àwọn aládùúgbò ní ayé ń fọwọ́ kàn, omi ni ó ń fọwọ́ kan ọpọlọ rẹ̀.

Dókítà àgbà tó gba ìtọ́jú Bàbá mọ èyí. Ó ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì bá sódíọ̀mù níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Nítorí pé orí rẹ̀ ti dàrú tó bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ fa omi oníyọ̀ tó ki sí i lára níwọ̀nba, kí omi lè jáde kúrò nínú ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò léraléra, nítorí pé bí sódíọ̀mù bá sáré gòkè ju nǹkan bí 10 lọ láàárín wákàtí 24, ó lè ba ọpọlọ jẹ́ ní ọ̀nà tí kò ní àtúnṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí gbogbo omi àti ohun mímu rẹ̀ má ju lítà kan lọ lójúmọ́. Ẹnu ya gbogbo wa. Wọ́n ní iyọ̀ ti wálẹ̀, wọ́n tún ní kí a má fún un lómi! Ẹnìkan rán wa létí òwe pé omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn, omi ni ọ̀tá Bàbá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ fiyè sí apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní jẹjẹrẹ, tí sódíọ̀mù rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, ni omi pọ̀ lára rẹ̀. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tí oògùn jẹjẹrẹ máa ń fà lè gbé iyọ̀ àti omi lọ pọ̀. Oògùn tí wọ́n ń pè ní cisplatin lè mú kí kíndìnrín máa da iyọ̀ nù. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ iyọ̀ àti omi, bí a bá sì fi omi dù ú, a ti ṣe é léṣe. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, vincristine àti cyclophosphamide, tí àwọn náà jẹ́ oògùn jẹjẹrẹ, lè mú kí ara di omi mú. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń mú ni tọ̀ wà tí wọ́n lè fa sódíọ̀mù wálẹ̀. Nítorí náà, gbólóhùn kan ṣoṣo, “iyọ̀ ti wálẹ̀”, ni a fi ń dárúkọ ipò méjì tí ìtọ́jú wọn kọ ẹ̀yìn síra.

Èrò pé iyọ̀ ni ìwòsàn kò ṣàdédé wọ orí wa. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láti 1985 sí 1992, wọ́n kọ́ àwọn ìyá jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí láti po iyọ̀, ṣúgà àti omi tó mọ́ fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ̀kọ́ náà dára, nítorí pé ọmọ bẹ́ẹ̀ ti pàdánù iyọ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó dára lè kọjá ààlà rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó, ìròyìn èké kan gba orí fóònù káàkiri pé kí a mu omi iyọ̀, kí a sì fi wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ìbátan wa tó po iyọ̀ sínú ike kì í ṣe òpè. Ohun tí ìlú ti kọ́ ọ ni ó ń ṣe.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú kì í ṣe àrùn òkèèrè. Òun ni ó pa Beko Ransome-Kuti, àbúrò Olikoye, tí òun náà jẹ́ dókítà, ní ọjọ́ 10, oṣù kejì, ọdún 2006. Òun náà ni ó pa Gani Fawehinmi, agbẹjọ́rò àwọn mẹ̀kúnnù, ní ọjọ́ 5, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2009. Nítorí náà, èdè tí a óò fi sọ ọ̀rọ̀ àrùn yìí lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn jẹ́ iṣẹ́ tiwa.

Ṣé iyọ̀ tilẹ̀ ni sódíọ̀mù? Rárá o. Iyọ̀ ìsebẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ sódíọ̀mù àti chlorine. Ẹ wo kán-ún tí a fi ń se ẹ̀wà àti ewédú. Láti inú kanwa èdè Hausa ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Gẹ̀ẹ́sì orílẹ̀-èdè wa ń pè é ní potash, orúkọ tó jọ potassium, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kódà Na, àmì tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì fi ń kọ sódíọ̀mù, tan mọ́ natron, ohun tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń wà ní adágún gbígbẹ láti fi tọ́jú òkú. Ọmọ ìyá ni natron àti kán-ún. Kò sí Yorùbá kan tí yóò pe kán-ún ní iyọ̀, síbẹ̀ sódíọ̀mù wà nínú méjèèjì. Bí a bá sọ sódíọ̀mù di iyọ̀ lẹ́nu, a ti gbé ọ̀rọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, a sì ti fi ìka tọ́ka sí ẹni tó ń dáná.

Àwọn àgbà wa mọ bí a ṣe ń sọ àrùn lórúkọ. Ẹ wo àtọ̀gbẹ: ènìyàn tọ̀, ó tọ̀ títí ó fi gbẹ. Ohun tí omi ń ṣe nínú ara ni orúkọ náà ń ròyìn. Nígbà tí a wá sọ ọ́ di ìtọ̀ ṣúgà, ojú gbogbo ènìyàn yí sí ṣúgà inú tíì. Ẹ wo jẹjẹrẹ náà, ohun tó ń jẹ ara díẹ̀díẹ̀. Ní 1984, wọ́n tẹ apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àmójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé. Apá kejì jáde ní 1990 lábẹ́ àmójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì. Àwọn ìwé yẹn jẹ́ kí a lè fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè àti lítíréṣọ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ fún ilé ìwòsàn pẹ̀lú.

Àbá tèmi nìyí. Bí omi ni ó pọ̀, ẹ jẹ́ kí a pè é ní “àbùlà ẹ̀jẹ̀”. Gbogbo wa mọ ẹmu àbùlà. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ tí kì í ro omi. Dókítà lè sọ pé, “Ẹ̀jẹ̀ Bàbá ti di àbùlà, omi ti pọ̀ ju iyọ̀ inú rẹ̀ lọ.” Bí ó bá jẹ́ pé iyọ̀ lọ ní tòótọ́, ẹ jẹ́ kí a pè é ní “ìpàdánù iyọ̀”, kí a sì sọ ọ̀nà tó gbà lọ: èébì ni, ìgbẹ́ ni, tàbí ìtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ní ti Bàbá Opebi, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, sódíọ̀mù rẹ̀ gòkè dé 128. Ó pe orúkọ mi bí ó ti yẹ, ó sì béèrè ẹni tó gbé bàtà òun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn jẹjẹrẹ náà fún un, nítorí pé bí kókó bá súnkì, ońṣẹ́ tó ń rán yóò dín kù. Ó lo oṣù mẹ́jọ sí i pẹ̀lú wa, pẹ̀lú làákàyè rẹ̀, kí ó tó dágbére fáyé ní ọdún 2017. Níbi ìsìnkú rẹ̀, mo tún gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àtẹ́ lábẹ́lẹ̀. Mo pe Àǹtí mi àti àwọn àgbà ẹbí jọ, mo sì sọ fún wọn bí mo ti sọ fún yín: iyọ̀ wà nínú ìtọ̀ Bàbá lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ọjọ́ tí a gbé e wọlé. Ẹni tí ọbẹ̀ àtẹ́ gbẹ iyọ̀ lára rẹ̀ kò lè máa tọ iyọ̀ dànù bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín tó dá ṣáṣá a máa ṣọ́ ìwọ̀nba iyọ̀ tó bá rí. Ìkòkò kejì tí Màmá Opebi ń gbé kaná, ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ rẹ̀ ni ó fi ń tọ́jú. Kò ní ọwọ́ nínú èyí. Àǹtí mi dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó lọ jókòó ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn jẹjẹrẹ nílé, bí ẹ bá rí i pé ó ń sọ ìsọkúsọ, tí oorun rẹ̀ pọ̀ lójijì, tàbí tí ó ń ṣubú, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà lé ayé lọ́wọ́. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ó ń lò dání. Bí wọ́n bá sì sọ fún yín pé iyọ̀ ti wálẹ̀, ẹ má tíì fún un ní iyọ̀, ẹ má tíì fún un lómi, ẹ má sì tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà ní ìbéèrè kan: “Ẹ jọ̀wọ́, iyọ̀ ló lọ ni, àbí omi ló pọ̀?”

Ó dìgbà kan ná o. Àlàáfíà ni tiwa.